Káàdì Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Ilé Yìnyín Ẹ̀pẹ́

N kò pe ẹnikẹ́ni lólè lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dìde láàárín àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bí ogún, mo ka ìlà kan láti inú kọ̀ǹpútà, mo sì jókòó. Ìlà náà sọ pé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Jímọ̀, ẹni tó fi káàdì ṣílẹ̀kùn ilé yìnyín ni Ìdílẹ̀kẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó tán sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ojú tó wà nínú àgbàlá yẹn ti yí sí ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá náà ti dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìborùn rẹ̀ mú.

"Èmi?" ni ó wí. "Èmi Ìyá Sàfú? Èmi ni mo jí ọ̀bọ̀kún Alhaja?"

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwádìí kékeré kan ní Ìkòròdú. Yàrá méjì péré ni, lókè ilé alájà kan ní Bẹ́ńsìn, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà nísàlẹ̀. Láti àárọ̀ ni ohùn àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ Ojóta àti Kẹ́tu ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá sì wà láti sọ, a máa ń ti fèrèsé ná. Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Dípọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò lápò láyà, nítorí inú àpò yẹn ni súkúdíráfà rẹ̀ máa ń wà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò fún mi ní ìwé kankan kà. Ó gbé síìmù káàdì kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ síwájú mi, ó fi abẹ kan tì í.

"Gé e," ó ní.

Mo gé ike ara rẹ̀ kúrò títí ó fi ku irin pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná.

"Kí lo rí?"

"Irin aláwọ̀ wúrà ni, sà."

"Ṣé wúrà ni?"

Mo rò ó wò. "Mi ò mọ̀, sà."

"O ṣeun. Ẹni tó wá ṣáájú ẹ ní wúrà ni. Ó fẹ́ mú un lọ sílé."

Abẹ́ irin yẹn ni ṣíìpù wà, òun ló sì sọ káàdì di sìmáàtì káàdì. Lásìkò náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo èèyàn ń ní, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbé ṣíìpù kiri nínú àpò láì mọ̀. Káàdì tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn kò ju ìwé tí a kọ nǹkan sí lọ: ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè kà á lè dà á kọ sórí òmíràn. Ti ṣíìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Àṣírí kan wà nínú rẹ̀ tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀rọ tó ń kà á. Bí a bá kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bi í ní ìbéèrè tí kò bi í rí, káàdì á sì fi àṣírí rẹ̀ ṣírò ìdáhùn. Ẹ̀rọ á mọ̀ pé ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n àṣírí kò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀gá máa ń fi wé ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi í ní ohun tí ọmọ inú ilé nìkan lè dáhùn.

Ohun tí à ń wádìí ni bóyá irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo ohun ìní àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Fún oṣù mẹ́fà, ilẹ̀kùn yàrá kejì wa la fi ń dán an wò. A pààrọ̀ káàdì láàárín ara wa, a gbìyànjú láti tan ẹ̀rọ náà jẹ, a ri káàdì bọ omi, a jókòó lé e lórí. Níkẹyìn mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wa pé káàdì yìí kò ṣílẹ̀kùn rí fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Láàárín èèyàn mẹ́rin tó jọ ń jẹun."

Èèyàn mẹ́rin kò tó lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kan létí ọ̀sà ló jọ ni ilé yìnyín kan, níbi tí wọ́n ń kó ẹja sí kó má bàa bàjẹ́. Alhaja Ṣúwé ni olórí wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilé yìnyín náà kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, etí ìró Alhaja ló sì máa ń so ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹja rẹ̀ ní ìdájí láti bá ọjà ní láti wá jí Alhaja. Alhaja ní láti ìgbà tí òun ti di olórí, òun kò tíì sùn kọjá aago mẹ́rin. Nígbà míì, kọ́kọ́rọ́ á gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá kó tó padà sílé, bí agbọ̀n ẹja kan bá sì sọnù lọ́jọ́ náà, ìjà dé nìyẹn. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ sí ilẹ̀kùn náà, kí a fún olúkúlùkù ní káàdì àti nọ́ńbà àṣírí, kí ẹ̀rọ sì máa kọ ẹni tó wọlé àti àkókò tó wọlé sílẹ̀. Alhaja béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé màá lè sùn?"

"Ẹ máa sùn, mà," ni mo wí. Ìlérí tí mo mú ṣẹ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ orúkọ sílẹ̀. Mo lo ọjọ́ kìíní lọ́dọ̀ Alhaja àti àwọn ará ilé rẹ̀, mo lo ọjọ́ kejì ní agboolé kejì tó sún mọ́ omi. Ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí kì í gbẹ, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹja sílẹ̀ kó wá máa bá mi jókòó ti tábìlì. Nítorí náà, agboolé kọ̀ọ̀kan yan ìyàwó kan tó kàwé fún mi, pé kó máa bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Ṣadé ni wọ́n yàn nílé Alhaja, ọmọbìnrin tó parí ìwé mẹ́wàá, tí ìwé kíkọ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Mo sọ fún un pé, "Kọ orúkọ tó o mọ̀ wọ́n sí, ẹyọ kan péré, kó má gùn." Ààyè inú ṣíìpù kò pọ̀, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni mo sì fi sílẹ̀ fún orúkọ. Ohun kan náà ni mo sọ fún ìyàwó agboolé kejì.

Nọ́ńbà àṣírí ló fún wa lẹ́rìn-ín jù. Mo bẹ Alhaja pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ tirẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ mi?" ó bi mí, ó sì pariwo nọ́ńbà náà sí gbogbo àgbàlá pé kí wọ́n bá òun rántí rẹ̀. Mo fún un ní òmíràn. Ó tún pariwo ìyẹn náà.

Nígbà tí mo padà dé Ìkòròdú, mo to orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Eyínfúnjowó wà níbẹ̀, Ìbàdíàrán wà níbẹ̀, Òpélẹ́ńgẹ́ náà wà níbẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé orúkọ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dùn púpọ̀. Lẹ́yìn náà mo rí Ìdílẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù ọjọ́ kìíní, ìkejì nínú ti ọjọ́ kejì. Mo rò ó wò, mo sì pinnu pé ẹnì kan ṣoṣo ló gba fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì méjèèjì ti wà nílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, nítorí náà mo so nọ́ńbà wọn pọ̀ mọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, mo sì kọ ọ́ sí ìwé kékeré mi pé kí n gba ọ̀kan padà tí mo bá tún lọ. Ó dá mi lójú pé mo ti tún nǹkan ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, agbọ̀n ọ̀bọ̀kún Alhaja kò sí níbi tó gbé e sí mọ́. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn. Mo bá Alhaja kẹ́dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ìwádìí wa fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn. Bí mo ṣe dìde láàárín àgbàlá nìyẹn, tí mo ka ìlà yẹn.

Nígbà tí Ìyá Sàfú béèrè pé ṣé òun ni, obìnrin kan láti ẹ̀yìn dá a lóhùn.

"Ta tún ni Ìdílẹ̀kẹ̀ nínú ilé yìí? Ṣé àwa là ń jẹ́ ẹ ni?"

"Ìdájí Jímọ̀, orí ìrun ni mo wà."

"Ta ló rí yín?"

"Ọlọ́run rí mi."

"Ọlọ́run rí yín, káàdì náà rí yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣadé kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá. Ìyá Sàfú ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Èmi ni mo gbé omi gbígbóná fún wọn ní ìdájí yẹn. Wọn ò jáde títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Dìde, ìyàwó. Ta ni kò mọ ibi tí wàá gbè sí?"

Alhaja yíjú sí mi. Àǹtí Oníkáàdì ni orúkọ tí wọ́n fún mi.

"Àǹtí Oníkáàdì, ṣé ẹ̀rọ yìí lè ṣàṣìṣe?"

"Rárá, mà," ni mo wí. "Káàdì kì í parọ́."

Mo ti wọn gbólóhùn yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Sàfú tú etí ìró rẹ̀. Ó mú káàdì rẹ̀ jáde, ó wá síwájú mi, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì láì jù ú.

"Gba nǹkan ẹ. Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni mo ti ń ta ẹja létí omi yìí. Kò sẹ́ni tó tún ẹja rẹ̀ kà nítorí mi rí."

Ó wọlé lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n bá òun gbé gbogbo ẹja òun jáde nínú ilé yìnyín, ó sì yan gbogbo rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbẹ̀ mọ́.

Mo fi káàdì rẹ̀ sínú àpò mi, mo wọkọ̀ padà. Títí a fi dé Ìtóìkín ni mo ń rò ó. Ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. Olè náà lè bínú. Dídá káàdì padà kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni omi gbígbóná Ṣadé. Ẹni tó bá fẹ́ fi irọ́ gbèjà ìyá ilé ọkọ rẹ̀ lè sọ pé, "Wọn kò lè ṣe irú ẹ̀." Ṣadé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe àti àkókò tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo gba ọ́fíìsì lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá Dípọ̀ wà níbẹ̀, ó ń tú rédíò aládùúgbò kan. Mo ki káàdì Ìyá Sàfú bọ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn ti ìdájí Jímọ̀, mo wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ, èyí tí n kò kà ní Ẹ̀pẹ́ nítorí mo rò pé orúkọ ti tó. Nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Mo lọ wo fọ́ọ̀mù méjèèjì. Ìwé kíkọ Ṣadé wà lórí ọ̀kan. Ìwé kíkọ ẹlòmíràn wà lórí ìkejì, láti agboolé kejì. Ìdílẹ̀kẹ̀ méjì ló wà, kò sì sí ará agboolé kejì kankan ní àgbàlá nígbà tí mo ka orúkọ náà. Èmi ni mo sọ wọ́n di ẹyọ kan.

"Ọ̀gá, mo ti ṣe nǹkan kan."

Ó wá wò ó. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un fi sójú.

"Ta ló so méjì pọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló sọ fún wọn pé kò lè ṣàṣìṣe?"

"Èmi náà ni, sà."

"Káàdì ńkọ́?"

"Káàdì ò ṣe nǹkan kan."

"Ó dáa. Ó kéré tán, a ti rí ẹni tí à ń wá." Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le.

Mo bi í bóyá a lè pa ìlà yẹn rẹ́ kí a tó padà lọ. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ kí n tó béèrè, nítorí àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá ti kọ kò ṣeé parẹ́. Ìlà tuntun nìkan ni a lè fi sábẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Tó bá ṣeé parẹ́ fún wa, ó ṣeé parẹ́ fún olè nìyẹn.

"Ọ̀la la máa lọ," ni Ọ̀gá wí. "Màá wakọ̀. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀."

Òjò rọ̀ lù wá lójú ọ̀nà nínú Pijó rẹ̀. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, ó jókòó ti Alhaja, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ àti ilé yìnyín, ó fi mí sílẹ̀. Mo lọ bá Ṣadé létí kànga.

"Ṣadé, kí ni orúkọ Ìyá Sàfú gan-an?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Kí n pe orúkọ wọn? Bàbá ọkọ mi gan-an kì í pè é."

"Tó o bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi náà kọ́ ni yóò kọ ọ́, Àǹtí?"

"Ìdílẹ̀kẹ̀ wá ńkọ́?"

"Àwa ìyàwó là ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó tó ṣáájú wa ló ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge."

"Eyínfúnjowó?"

"Àbúrò ọkọ mi ni. Ẹ ò rí eyín wọn?"

"Mo rò pé orúkọ àbísọ wọn ni."

Àánú mi ṣe é. "Àǹtí, ta ló máa bímọ ẹ̀ tán tó máa sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó?"

N kò ní àwíjàre kankan. Yorùbá ni mí. Ìyá tó bí mi kò pe àbúrò bàbá mi kankan lórúkọ títí di òní, ọ̀kan nínú wọn sì wà tó ń pè ní Akọ́wé tí kò mọ ìwé kà. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, títí kan ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nílé. N kò mọ̀ ọ́n níwájú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ìyàwó méjì bá mi kọ orúkọ àwọn ará ilé ọkọ wọn, ó wá ń yà mí lẹ́nu pé orúkọ dùn.

Ìdílẹ̀kẹ̀ kejì ni Ìyá Mùtíù, ní agboolé tó sún mọ́ omi. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkòròdú dé ní alẹ́ àná, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ.

"Èmi ni," ó ní. "Ìdílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè mí kí ìdí náà tó di báyìí. Kí ló dé?"

Mo bi í bóyá ó wọ ilé yìnyín ní ìdájí Jímọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun lọ gbé agbọ̀n epìyà òun láti fi bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ kí ọmọ òun kú ewu. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi tí mo ṣí agbọ̀n náà, ọ̀bọ̀kún ni mo bá nínú rẹ̀. Mo ní Mùtíù ló máa bá mi pààrọ̀ ẹ̀, pé ó fẹ́ fi ẹja ńlá ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lálejò. Mo ti gbàdúrà fún ọmọ yẹn títí ẹnu fi ń ro mí!"

Àwa àti Alhaja jọ wọ ilé yìnyín lọ. Iná tó wà lókè ti jó. Lẹ́yìn pátápátá, agbọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn búlúù dè, irú okùn tí Alhaja fi ń de tirẹ̀. Epìyà ló wà nínú rẹ̀: nínú òkùnkùn, Ìyá Mùtíù ti gbé agbọ̀n Alhaja dípò tirẹ̀. Ìyá Mùtíù ká ọwọ́ lérí.

"Alhaja, a ti fi ọ̀bọ̀kún yín se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ o."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an, mà."

"Ẹ̀bùn tí mo fún ọmọ nìyẹn," Alhaja wí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣùgbọ́n Ìyá Sàfú ńkọ́?"

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, gbogbo wọn pé jọ sí àgbàlá kan náà. Ìyá Sàfú kò jáde. Ṣadé lọ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá. Ọ̀gá Dípọ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sàfú, mo sì sọ bó ṣe rí: pé káàdì rẹ̀ kọ́ ló ṣílẹ̀kùn, pé orúkọ méjì ni mo sọ di ọ̀kan, pé Alhaja bi mí ní ìbéèrè tó dára, èmi sì dá a lóhùn ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Ìyá Mùtíù náà dìde, ó sọ tirẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ẹ má bínú, Ìyá Sàfú! Ẹ má bínú!" Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Nínú ẹ̀rọ yẹn," ó bi mí, "kí ló wà nípa mi níbẹ̀ báyìí?"

"Ìlà ọjọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, mà."

"Pa á rẹ́."

"Kò ṣeé parẹ́, mà. A ṣe é kó má ṣeé parẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo lè kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ á ka èyí náà."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. "Kọ ọ́. Bó o ṣe ka tọjọ́ yẹn sókè ni kó o ṣe ka èyí sókè."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí orúnkún mi. 

"Orúkọ wo lo fẹ́ kọ?" ó bi mí. "Má kọ orúkọ tí ìyàwó ń pè mí. Má kọ orúkọ ọmọ mi mọ́ mi. Rábíátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Gàníyù apẹja."

Àwọn ìyàwó ilé wo ilẹ̀, bí ẹni pé orúkọ náà kò dé etí wọn. Mo kọ ọ́, mo sì kà á sókè: "Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Gàníyù apẹja, kò ṣílẹ̀kùn ilé yìnyín ní ìdájí Jímọ̀. Kò gbé ẹja ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo kọ orúkọ sílẹ̀ ni mo ṣàṣìṣe."

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ẹ gbé àpótí fún un," ó sọ fún Ṣadé. "Ó ti pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Nínú ìròyìn tí Ọ̀gá kọ nípa ìwádìí wa, ojú ewé kan gbáko ló fi sílẹ̀ fún àṣìṣe mi, n kò sì rí ibi tí mo fẹ́ kó yí padà nínú rẹ̀. A pinnu pé orúkọ kankan kò ní wọ káàdì mọ́ àfi èyí tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo padà lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti ṣe gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn nídìí ẹja, lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tòun ti omi ọwọ́ wọn. Kí n tó débi ẹni kìíní, Ìyá Sàfú ti gbé àpótí tẹ̀ lé mi. Kò sọ ohun tó ń wá. Bí mo bá kọ orúkọ ẹnì kan tán, á ní kí n kà á sókè, á wo ojú ẹni náà, ẹni náà á mi orí, òun náà á mi tirẹ̀, a ó sì kọjá síbòmíràn.

Ogójì orúkọ ni mo kà sókè lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n tún mẹ́ta kà.